Owó Káńsù Lórí Iṣẹ́ Íntánẹ́ẹ̀tì ní Èkìtì: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Mi

Láti ìgbà tí mo ti ń ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù, ṣàṣà ni oṣù tí ẹnì kan kì í mú ìwé káńsù wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, ṣé dandan ni kí n san èyí?" Àwọn mìíràn á ti san tán kí wọ́n tó wá béèrè. Àwọn mìíràn á ti ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọjọ́ méjì torí wọ́n gbọ́ pé àwọn agbowó wà ní àdúgbò. Ìyẹn ló mú mi jókòó kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀.

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Káńsù lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ilé, ó sì yẹ ká san án láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń lé wa kiri. Àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, èyí tó ń gba inú afẹ́fẹ́ àti inú okùn abẹ́ ilẹ̀ kọjá, òfin kò fi í sábẹ́ káńsù. Ibi tí wọ́n bá ti da méjèèjì pọ̀ ni ìyà ti ń jẹ gbogbo wa, títí dórí àwọn tí kò ní ṣọ́ọ̀bù kankan.

Ta ni a ń pè ní oníṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gan-an?

Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà, MTN, Airtel, Glo, tí gbogbo wa mọ̀. Àwọn tó ni òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì (mast) wà, tí wọ́n ń fi òpó háyà fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá yìí. Ẹ kò ní rí orúkọ wọn lára káàdì ìpè, ṣùgbọ́n àwọn gan-an ni ìwé káńsù sábà máa ń lọ bá. Àwọn tó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, láti máa ta íntánẹ́ẹ̀tì nìkan wà, bíi Starlink tó gba tirẹ̀ ní 2022. Nísàlẹ̀ pátápátá ni irú èmi wà: ẹni tó ra nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́ oníwèé-àṣẹ, tó so ẹ̀rọ mọ́ orí òrùlé, tó ń tà á ní wákàtí, lọ́jọ́ tàbí lóṣù fún àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀yẹ́, Ìwòrókò tàbí Ìkéré.

Mo ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nítorí pé ìwé kan náà ni agbowó máa ń há fún gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ohun tí òfin ní kí oníkálukú san kò dọ́gba.

Owó wo ni òfin ní kí káńsù gbà?

Ibi méjì ni kí ẹ wò. Àkọ́kọ́ ni Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí: kí wọ́n díwọ̀n ilé láti mọ iye tí onílé yóò san, kí wọ́n ṣàkóso ṣọ́ọ̀bù àti kíóṣì, kí wọ́n mójú tó pátákó ìpolówó, kí wọ́n sọ títì lórúkọ, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sára ilé, kí wọ́n kó ìdọ̀tí, kí wọ́n tọ́jú ọjà àti ibùdókọ̀.

Ìkejì ni òfin 1998 tí àwọn lọ́yà ń pè ní Taxes and Levies Act. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín owó sí: ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, ti káńsù. Nínú ti káńsù ẹ ó bá owó ṣọ́ọ̀bù àti kíóṣì, owó ilé, owó pátákó, owó ìdọ̀tí, owó ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, owó ọtí títà, owó kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke, owó màlúù, owó dídí ọ̀nà fún ìnáwó, owó ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó, ìbí àti ikú. Mo ti ka ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n rántí ọmọlanke, wọ́n rántí ajá àti ewúrẹ́ inú ilé. N kò rí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, n kò rí òpó, n kò rí okùn fáíbà, ìyẹn okùn abẹ́ ilẹ̀ tó ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Nítorí náà, ẹni tó ń ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ṣọ́ọ̀bù jẹ káńsù ní owó ṣọ́ọ̀bù, owó pátákó bó bá gbé pátákó síta, àti owó ìdọ̀tí. Onílé ló jẹ owó ilé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé torí iṣẹ́ yín jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, ẹ bọ́ lọ́wọ́ owó ṣọ́ọ̀bù. Alágbo, aránṣọ àti oníṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, bákan náà ni wọ́n rí níbi ká san ìyẹn.

Owó ìforúkọsílẹ̀ ibi iṣẹ́ ńkọ́? Káńsù ló bá mi béèrè é.

Ti ìpínlẹ̀ ni, kì í ṣe ti káńsù. Òfin 1998 tilẹ̀ fi gbèdéke sí i: ní ìgboro, kò gbọ́dọ̀ ju ₦10,000 lọ fún ìforúkọsílẹ̀ àti ₦5,000 lọ́dọọdún lẹ́yìn náà, ní àrọko, ₦2,000 àti ₦1,000. Bí káńsù bá kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn, ẹ fi ọgbọ́n sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ àwọn agbowó ìpínlẹ̀ ni ẹ ti ń san án, kí ẹ sì fi rìsíìtì hàn wọ́n.

Kí ló dé tí káńsù kò lè gba owó lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀?

Torí Ìwé Òfin 1999 fi tẹlifóònù àti ìbánisọ̀rọ̀ aláìlókùn sínú ìwé àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Owó orí lórí èrè ilé iṣẹ́ náà wà nínú ìwé yẹn. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti 2003 ló wá fún NCC lágbára láti fúnni ní ìwé àṣẹ, láti pín ìgbì afẹ́fẹ́, láti gba owó ọdọọdún lọ́wọ́ àwọn oníwèé-àṣẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, VAT (owó orí lórí ohun tí a bá rà) ìdá 7.5 nínú 100 wà lórí dátà tí ẹ ń rà, owó orí èrè sì ń lọ s'Ábújá. Ẹni tó bá tún dúró lẹ́nu ọ̀nà káńsù tó ń béèrè owó "ìṣiṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì" ń gba owó lórí ohun tí wọn kò fi sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe pé mo kórìíra káńsù. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti gba ìwé ìbí àwọn ọmọ mi. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti jà fún ẹ̀tọ́ káńsù rí, ní 1998, nígbà tí ìjọba Kánò gbé iṣẹ́ díwọ̀n ilé fún ilé iṣẹ́ aládàáni kan láti fi mọ owó tí onílé yóò san. Ilé ẹjọ́ ní iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ nìkan nìyẹn, ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ já a gbà. Ààlà kan náà tó gba káńsù lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ ló gba oníṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ káńsù.

Wọ́n ní owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni àwọn wá gbà, torí àwo tó wà lórí òrùlé mi.

Àwíjàre tí mo ń gbọ́ jù nìyí. Lóòótọ́ ni òfin 1998 fi owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n sínú ìwé káńsù. Àmọ́ ẹ kà á dé òpin: ó yọ ẹ̀rọ tó ń tan ìgbì jáde sílẹ̀. Ẹ̀rọ yín, bó bá jẹ́ pé ó ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti orí òrùlé kan dé òmíràn, ìgbì ló ń tàn. Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n. Bí tẹlifíṣọ̀n bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù yín tí àwọn oníbàárà ń fi wo bọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀tọ̀. Ẹ san tirẹ̀.

Ṣé wọ́n lè ti ṣọ́ọ̀bù mi pa?

Wọ́n ti ti tèmi rí. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nígbà tí àwọn ọmọ ń forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì. Ọkùnrin mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀kan gbé agolo ọ̀dà pupa dání. Wọn kò jókòó. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn na ìwé kan sí mi. Ìwé náà ní ìlà márùn-ún. Bírò búlúù kan náà ni wọ́n fi kọ owó sí gbogbo rẹ̀, iye kọ̀ọ̀kan sì parí sí òdo mẹ́ta, bí ẹni fi ojú wọn gààrí. Ní ìlà kẹta wọ́n kọ "mast/dish". Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi òfin káńsù tó gbé owó yẹn kalẹ̀ hàn mí. Ó ní àwọn kò wá ṣe àríyànjiyàn. Wọ́n kó àwọn ọmọ jáde, wọ́n fi ṣéènì yí irin ilẹ̀kùn po, wọ́n kun X pupa sára ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà funfun.

Mo lọ yọjú lójú fèrèsé ẹ̀yìn. Iná ráúta ń ṣẹ́jú lórí tábìlì, òun nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ilé mọ́kànlélógún ló ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn. Nígbà tó di ọ̀sán tí bátìrì tán, kò sí ẹni tó lè wọlé yí i padà, gbogbo wọn kúrò lórí ẹ̀rọ. Ọmọbìnrin kan ń sunkún lórí fóònù, ó ní owó iléèwé òun ti jáde nínú báńkì ṣùgbọ́n ojú ìwé náà kò tíì fi hàn pé òun san án.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ṣí i, lẹ́yìn tí mo tẹ òfin 1998 sórí bébà tí mo gbé e lọ bá akápò wọn. Akápò yẹn kà á dáadáa. Ó fagi lé ìlà kẹta àti ìkẹrin, ó ní kí n san owó ṣọ́ọ̀bù, ti pátákó àti ti ìdọ̀tí. Mo san án lójú ẹsẹ̀, mo gba rìsíìtì. N kò gbàgbé ìwà akápò náà. Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé òfin tí ẹ gbé dání lójú bébà wúwo ju ariwo lọ.

Ohun tí òfin 1998 sọ rèé: ẹni tí òfin yàn nìkan ló lè díwọ̀n owó tàbí gbà á, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà láti gba owó orí tàbí owó òde, ọlọ́pàá kò gbọ́dọ̀ bá wọn gba owó àyàfi bí òfin owó orí bá là á sílẹ̀. Ẹni tó bá rú u lè san ₦50,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí kó gba méjèèjì. Nítorí náà bí wọ́n bá mú ṣéènì dé, ẹ béèrè àṣẹ ilé ẹjọ́. Ẹ béèrè pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì ya fọ́tò ìwé náà.

Ní ti òpó àti okùn fáíbà, ọ̀rọ̀ tún wúwo sí i. Ní oṣù kẹfà 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ wọ́n di ohun amáyédẹrùn pàtàkì fún orílẹ̀-èdè, lábẹ́ òfin tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ, ti 2015. Kò yẹ kí agbowó kan ṣàdédé pa òpó nítorí ìwé owó.

Kí ni ọ̀rọ̀ ₦145 tí wọ́n ń sọ nípa fáíbà?

Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Èkìtì mọ èyí, torí ilé wa ló ti wáyé. Kí wọ́n tó lè ri okùn fáíbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó ojú ọ̀nà, èyí tí ìjọba ń pè ní Right of Way, lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ ti fẹnu kò sí ₦145 láti 2013. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2020, àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà lórí mítà kan. ₦4,500 ni Èkìtì ń gbà. Ní oṣù karùn-ún 2020, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tó dá a padà sí ₦145, Èkìtì sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹnì kan fẹ́ ri okùn kìlómítà mẹ́wàá láti ìlú kan dé ìkejì. Ní ₦4,500, owó ojú ọ̀nà nìkan jẹ́ ₦45,000,000, kò tíì ra okùn, kò tíì san owó àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀. Ní ₦145, ó di ₦1,450,000. Owó àkọ́kọ́ yẹn, Adó nìkan ló lè pa á padà. Owó kejì, ó ṣeé ṣe kí fáíbà dé Ìjerò.

Ṣùgbọ́n títì yàtọ̀ sí títì. Títì ìjọba àpapọ̀ wà, bí ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́. Abuja ló ni í. Títì ìpínlẹ̀ wà, òun ni ìwé àṣẹ gómìnà bá wí. Títì inú àdúgbò sì wà, tí Ìwé Òfin 1999 gbé ìtọ́jú rẹ̀ fún káńsù. Níbi ti àdúgbò yìí, mo gbà pé káńsù lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé, "Ẹ fẹ́ gbẹ́lẹ̀? Ẹ fi owó àtúnṣe lélẹ̀. Bí ẹ bá dí i padà dáadáa, ẹ gba owó yín." Owó yẹn kì í ṣe owó orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Owó ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ni.

Àwọn oníṣẹ́ fáíbà náà ní ẹ̀bi tiwọn. Ìyá kan ń din àkàrà ní ìkóríta tí mo ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Àwọn kan gbẹ́ kòtò gba iwájú àdògán rẹ̀, wọ́n ri okùn, wọ́n da erùpẹ̀ lé e láìkì í mọ́lẹ̀. Òjò méjì péré, ilẹ̀ rì. Pákó ni ìyá náà tẹ́ kọjá kòtò kí àwọn oníbàárà tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ fún ìyá yẹn pé káńsù kò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ wo ojú tí yóò fi wò yín.

Òpó wà nínú ọgbà bàbá wa ní Ìkọ̀lé. Káńsù gbé ìwé owó òpó fún bàbá. Ṣé àwọn ló máa san?

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé àdéhùn tí bàbá fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n háyà ilẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ tí mo ti rí, ilé iṣẹ́ tó ni òpó ló gbà láti san gbogbo owó ìjọba lórí òpó, bàbá kàn ń gba owó ilẹ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi ìwé káńsù náà ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ tó bá dé gan-an, kí ẹ má fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Owó tó kan bàbá ni owó ilé lórí ilé tirẹ̀. Ohun mìíràn wà tí àwọn àgbàlagbà kì í mọ̀: ilé iṣẹ́ náà ní láti yọ ìdá 10 nínú 100 kúrò lára owó ilẹ̀ kí wọ́n tó san án, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ìjọba ní orúkọ bàbá. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Owó orí tí bàbá ti san nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún bá a béèrè é.

Gbogbo owó yìí, ta ló ń san án gan-an?

Àwọn èèyàn máa ń rò pé bí káńsù bá gbówó lórí òpó, ilé iṣẹ́ ńlá á kàn fi lé owó dátà. Kò rí bẹ́ẹ̀. NCC ló ń fọwọ́ sí iye tí wọ́n ń ta dátà. Nígbà tí wọ́n gbà kí ó fi ìdá 50 nínú 100 lọ sókè ní oṣù kìíní 2025, iye tí wọ́n fi kún un ní Èkó náà ni wọ́n fi kún un ní Ọ̀tùn. Ilé iṣẹ́ kò lè ta dátà ní iye ọ̀tọ̀ ní Òmùò torí pé káńsù ibẹ̀ gbówó.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀? Wọ́n á jókòó ní Èkó, wọ́n á fi owó òpó kan wé iye èèyàn tó máa lò ó. Ìlú kékeré kò ní èrò tó bí Adó, iná mànàmáná ibẹ̀ kò dúró, dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ tán. Bí ìwé owó mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ agbowó mẹ́ta bá tún gun orí rẹ̀, wọn kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Wọn ò kàn ní wá ni. Òpó kejì tó yẹ kó dé Ìlawẹ́ tàbí Ẹ̀fọ̀n kò ní dé, ẹ kò sì ní rí ìwé tó sọ ìdí rẹ̀. Ẹ ó kàn máa gun orí àpáta lọ ṣe ìpè. Owó orí tí a san ni àpáta yẹn.

Ní ti àwa kéékèèké, tiwa hàn kedere. N kò ní òpó ní ìpínlẹ̀ mìíràn tí yóò bá mi gbé e. Bí owó tí mo san fún agbowó bá fi ₦30,000 lé lọ́dún, àárín àwọn ọmọ iléèwé wọ̀nyí ni mo ti máa rí i.

Mo ti san fún káńsù. LCDA, káńsù kéékèèké tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀, náà tún dé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà ní Èkìtì nínú Ìwé Òfin 1999, láti Adó dé Ilejemeje. Ìpínlẹ̀ ló dá LCDA sílẹ̀, wọn kò sí nínú ìwé yẹn. Nígbà tí irú ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2004 láti Èkó, ìdájọ́ ni pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun náà kò tíì pé títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi ṣe tirẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ bá LCDA jà. Àwọn ló ń sún mọ́ wa jù, àwọn ló ń gbálẹ̀ ọjà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ṣọ́ọ̀bù kan, owó kan, lọ́dún kan. Ẹ fi rìsíìtì káńsù hàn wọ́n. Bí wọ́n bá ní ti àwọn ni ó yẹ kí ẹ san, kí káńsù àti LCDA kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín ara wọn ẹni tó ni àdúgbò yín, kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà.

Ṣé ìdájọ́ òmìnira káńsù kò ti yí gbogbo èyí padà?

Rárá o. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó káńsù láti àpapọ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, kí gómìnà má ṣe dì í mú. Ọ̀rọ̀ owó tó ń wọlé fún wọn láti Abuja nìyẹn. Ìdájọ́ náà kò fi owó orí tuntun kankan kún ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ wa. Èmi fúnra mi yọ̀ sí i, torí mo gbà pé káńsù tó bá ní owó lọ́wọ́ kò ní í fi ọ̀dà pupa wá owó.

Òfin owó orí tuntun ńkọ́?

Òfin mẹ́rin ni Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2025, àwọn méjì tó sọ owó orí tí a ó san àti bí wọ́n ṣe ń gbà á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026. Èyí tó kàn wá níbẹ̀: VAT ṣì wà ní 7.5. Owó ìdá 5 nínú 100 tí ìjọba àpapọ̀ ti fẹ́ gbé lé ìpè àti dátà, èyí tí wọ́n dá dúró ní 2023, kò sí nínú òfin tuntun. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kó san owó orí lé lórí lọ́dún, kò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀, Tax Ombud, tí a lè kọ̀wé sí bí agbowó bá ṣe ohun tí kò tọ́ sí wa.

Starlink wà lórí ilé mi, èmi àti ìyàwó nìkan là ń lò ó. Ṣé mo jẹ káńsù lówó?

Ẹ kò jẹ wọ́n ní nǹkan kan lórí rẹ̀. Ẹ san owó ilé yín.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun?

Amẹ́ríkà ṣe òfin kan ní 1998 tó ní kí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ má ṣe gba owó orí lórí wíwọ íntánẹ́ẹ̀tì. Fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n ń sún un síwájú, títí tí wọ́n fi sọ ọ́ di títí ayé ní 2016. Àwọn ìpínlẹ̀ díẹ̀ tó ti ń gbà á tẹ́lẹ̀ ṣíwọ́ ní oṣù kẹfà 2020. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó dúkìá máa ń wà lórí okùn fáíbà, àmọ́ láti 2017 wọ́n yọ fáíbà tuntun kúrò nínú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún kí àwọn ilé iṣẹ́ lè yára rì í. Ọdún tí Amẹ́ríkà ṣe òfin tiwọn náà ni Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ tó to owó sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn ń tẹ̀ lé tiwọn.

Èmi ni mò ń bá káńsù gbowó. Bí a kò bá gbówó òpó, kí ni a fẹ́ fi san owó oṣù?

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Inú mi dùn pé ẹ béèrè, torí mo mọ̀ pé wọ́n fún yín ní iye tí ẹ gbọ́dọ̀ kó wálé lóṣooṣù, oòrùn ló sì ń pa yín kiri.

Ẹ wo àdúgbò tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ilé mélòó níbẹ̀ ló ní nọ́ńbà lára? Mélòó ni wọ́n ti díwọ̀n owó rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá? Láti Bàsìrì dé Àjílósùn, ilé petẹ́ẹ̀sì tuntun ń hù bí olú, ọ̀pọ̀ onílé kò sì rí ìwé owó ilé rí. Iṣẹ́ yín ni ìyẹn, òfin fún yín nìkan, kò sí gómìnà tó lè gbà á lọ́wọ́ yín. Òpó tó wà ní ìlú lè má ju mẹ́wàá lọ. Ilé tó wà níbẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ohun kejì: ẹ kọ iye owó ṣọ́ọ̀bù sójú pátákó ní ẹnu ọ̀nà káńsù, kí àwọn kánsẹ́lọ̀ ti fọwọ́ sí i, kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ẹ jẹ́ ká máa san án sí báńkì. Èmi mọ oníṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ní òpópónà mi tó máa san lọ́jọ́ kejì, torí ohun tí wọ́n ń sá fún ni àìmọ iye. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bá òun dúnàádúrà lórí owó ṣọ́ọ̀bù kan náà, bí ẹni ń ra iṣu.

Bí ìwé bá dé lónìí, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ gbà á. Ẹ má fà á ya, ẹ má sì sá. Ẹ kọ ọjọ́ tó dé sí ẹ̀yìn rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó mú un wá. Ẹ wo ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè pé: ṣé ó wà lára ti káńsù nínú òfin 1998? Èyí tó bá wà níbẹ̀, ẹ san án sí báńkì, ẹ má fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí akápò káńsù, ẹ béèrè òfin káńsù tó gbé e kalẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn agbowó ìpínlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òpó tàbí ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí NCC náà. Kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ "a ti rí i gbà" sára ẹ̀dà tí ẹ̀yin mú dání, kí ẹ tó kúrò ní káńtà.

Fáìlì aláwọ̀ ewé kan wà lábẹ́ tábìlì mi tí mo ń kó gbogbo rẹ̀ sí: rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀bù ọdún mẹ́fà, ti pátákó, ìwé tí akápò fagi lé lọ́jọ́sí, ẹ̀dà òfin 1998. Agbowó tuntun kan wá lóṣù tó kọjá. Mo gbé àga fún un, mo gbé fáìlì síwájú rẹ̀. Ó ṣí i, ó kà á títí dé ìwé tí wọ́n fagi lé yẹn, ó kọ nọ́ńbà rìsíìtì ọdún yìí sínú ìwé tirẹ̀, ó sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.